Orúnkún Láwànì Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Mi Bà Jẹ́

Ògo! Ògo fún Ọlọ́run! Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí n nìkan pariwo, torí ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹni tí ẹ ń wò yìí!

Kétu ni mo ti wá nígbà tí ìjọba ológun gbé mi wá kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́, ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Mo mọ kàráté díẹ̀, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Láwànì, ọ̀rẹ́ mi, àgbẹ̀ oníṣu láti abúlé Bẹsẹ́, ló lágbára jù nínú wọn. Kò sẹ́ni tó lè gbé e ṣubú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní èmi pàápàá ò lè dá a.

Mo ní, “Ẹ wò ó! Bó ti wù kí ènìyàn tóbi tó, orúnkún ni kí ẹ ta nípàá.”

Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ta Láwànì nípàá, láti ẹ̀gbẹ́, lórí ẹsẹ̀ tó fi gbé ara dúró. Mo gbọ́ ìró kan: kẹ́ẹ́! Láwànì ṣubú. Ó kàn ń wò mí.

Jésù! Mo kúnlẹ̀ tì í, mi ò mọ ibi tí mo lè fọwọ́ kàn.

Dókítà ní, “Mẹ́tìrì, orúnkún kì í ká sí ẹ̀gbẹ́. Iṣan tó so ó pọ̀ ti já. Ó lè rìn, ó lè má rìn. Ká dì í ni agbára wa mọ.”

Olórí àdúgbò pè mí bí àwọn ìjọba ṣe ń pe ara wọn, ó ní, “Kamaráàdì, ṣé kí ẹ lè máa dá àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀ ni ìjọba ṣe rán yín wá?”

Àsìkò ebè dé. Láwànì nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Mo gbé ọkọ́, mo lọ sí Bẹsẹ́. Ọwọ́ mi bó. Ìyá wo ebè mi, ó ní, “Mẹ́tìrì, iṣu ò ní dúró nínú èyí.” Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń tún un kọ, ó ń sunkún. Èmi dúró, mo ń wò ó.

Mo gbààwẹ̀. Mo gbàdúrà. Wọ́n tú ẹsẹ̀ náà, ó ti rù kan egungun. Láwànì dìde, ó ṣubú. Ó tún dìde, ó tún ṣubú. Ìyá ní, “Ẹ máa lọlé, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì mi. “Mẹ́tìrì, ẹ jáde.” Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé Láwànì ti kú.

Láwànì ló dúró nínú oòrùn, tòun tọ̀pá! Ó gbé ọ̀pá náà fún ìyá rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó ń làágùn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Haleluya! Ìyá ń ké, “Alihamudulilai!”

Láwànì ní, “Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìpá yẹn mọ́.”

Mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní i mọ́. Ó ṣì ń tiro, ẹ̀yin ará, mi ò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ń rìn! Ẹ̀yin tí ẹ ba ohun tí ẹ ò lè tún ṣe jẹ́, ẹ má sá fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Kódà bí ẹ ò bá wúlò fún un, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Baba, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o! Ẹsẹ̀ tí mo dá, Ìwọ lo gbé e rìn.