Ọ̀bẹ Tí Ìyá Mi Kì í Yá Ènìyàn ní Pípadé

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, tí òyìnbó ṣì ń jọba lé wa lórí, àwa tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé lọ́jọ́ náà nìyí. Kẹ́hìndé, ọmọ ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi kó lè gbọ́ orúkọ wọn dáadáa. Èmi nìkan ló kù nínú wọn.

Baálé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá Ògúnrìndé, tó rọ ọkọ́ àti àdá fún ìdajì Igbó-Ọrà kí ẹ̀yìn tó máa dùn ún. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ìyá tó bí bàbá mi. Àjàní wà níbẹ̀, àbúrò bàbá mi kan ṣoṣo, tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Kékeré. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ nínú aṣọ opó, àbúrò mi Láníyì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà fara ti ìyá mi. Àwọn ìyàwó ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn wá gbálẹ̀ ni. Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá láàárọ̀…

Bàbá mi kò sí níbẹ̀. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ogún rẹ̀ la wá pín.

Ohun tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò gùn ju ọwọ́ mi yìí lọ. Ọ̀bẹ ni. Ẹ má fi ojú ọ̀bẹ Ṣáínà wò ó o. Èyí tí ẹ ń rà lónìí, bí ẹ bá fi rẹ́ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti kú nìyẹn, ẹ ó sọ ọ́ nù, ẹ ó ra òmíràn. Ọ̀bẹ tí mò ń wí yìí, Kùmásì nílẹ̀ Gánà ni bàbá mi ti mú un bọ̀. Òun àti Àjàní jọ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó aṣọ àti fìlà bọ̀ wálé. Bàbá mi mú ọ̀bẹ kan bọ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ṣé irin tán ní Ìbàràpá ni.

Ó ń pa dé sínú èèkù ara rẹ̀, bí orí ìjàpá ṣe ń wọ inú karahun. Ìwo ẹfọ̀n ni èèkù náà, dúdú, ó ń dán, ìlà funfun kan gba àárín rẹ̀ kọjá. Bó o bá dì í mú, ńṣe ló máa dà bíi pé ọwọ́ rẹ ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ó tẹ̀wọ̀n bí ẹyin adìẹ: o ò ní gbàgbé pé ó wà lára rẹ, kò sì ní fa aṣọ rẹ wálẹ̀. Inú tòbí ni ìyá mi ń fi í sí, lábẹ́ ìró, lápá ọ̀tún. Kò sí ibi tí kì í gbé e lọ, àfi ilé ìwẹ̀. Ó ń fi bó ọsàn, ó ń fi gé okùn àpò ẹ̀gúsí, ó ń fi rẹ́ ilá, ó ń fi gé èékánná wa. Òun ló fi ń yọ jìgá lẹ́sẹ̀ wa, o ò sì ní mọ ìgbà tó wọlé, o ò ní mọ ìgbà tó jáde. Ẹ̀yin ò mọ jìgá, kòkòrò tó ń wọnú ẹran ẹsẹ̀. Ẹ dúpẹ́.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń pọ́n ọn lórí òkúta odò, pẹ̀lú omi díẹ̀, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà á kán àdín ẹ̀kán kan sí ibi tí ó ti ń ṣẹ́ wọlé. Àléébù rẹ̀ kan ni mo mọ̀: kò fẹ́ràn omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bó o bá fi gé ọsàn wẹ́wẹ́ tí o kò nù ún, ojú rẹ̀ á dúdú bí ẹni tí inú ń bí. Kò sì wúlò fún iṣu ńlá. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó o rán an níṣẹ́ àdá?

Ẹ gbọ́ ìwà ìyá mi kan. Gbogbo ilé ló ń yá ọ̀bẹ náà. Bó o bá tọrọ rẹ̀, ìyá mi á kọjú sí ògiri, á ṣí i, á wá nà án sí ọ. Bó o bá lò ó tán, ó gbọ́dọ̀ gbà á ní ṣíṣí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á dé. Kì í yá ẹnikẹ́ni ní pípadé láé. Ó ní òun kò fẹ́ kó gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Wọ́n ní ahun ni. Ó ṣì ń kọjú sí ògiri.

Báwo ló ṣe di ti ìyá mi? Oko wa tó wà lọ́nà Ìdèrè ni bàbá mi ti fún un, nígbà tó lóyún Láníyì. Ó ní, “Gbà á. Ọwọ́ rẹ ló yẹ ju tèmi lọ.” Ta ló wà níbẹ̀? Òun, ìyá mi, àti bàrà tó sùn kalẹ̀ nínú oko. Bàrà kì í jẹ́rìí.

Nígbà tí bàbá mi wá kú, Àjàní fẹ́ ṣú ìyá mi lópó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìyá mi ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ ọkọ mìíràn, ẹ̀gúsí òun á bọ́ ọmọ òun. Ó dun Àjàní. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lágbo ẹmu. Nígbà tí wọ́n wá kó ẹrù bàbá mi síta lọ́jọ́ náà, Àjàní na ìka sí ìyá mi, ó ní ẹrù kò pé. Ó ní òun lòún ra ọ̀bẹ ní Kùmásì, pé òun kàn fi sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ni, pé ìyá mi ló gbé e pamọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí láyé ìgbà náà? Opó tó bá gbé ẹrù òkú pamọ́, olè ni. Wọ́n á ní kó di ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Èrúwà ni ilé bàbá ìyá mi. Á sì fi ọmọ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ọmọ. Èmi àti Láníyì nìyẹn. Mo di etí aṣọ rẹ̀ mú, mi ò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Baálé bi àwọn méjèèjì bóyá wọ́n á fẹnu kan irin. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò sí ìdí tí òun fi máa rán ènìyàn lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, irin tí wọ́n ń jà lé lórí náà ni wọ́n máa fi búra. Ìyá mi yọ ọ̀bẹ láti inú tòbí, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sórí ẹní. Ní pípadé.

Àjàní yára gbé e. Ó fẹnu kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí kì í bá ṣe òun lòún ni ín, kí Ògún…

“Dúró,” Baálé wí. “Àjàní, kí lo fẹnu kàn?”

“Ọ̀bẹ ni, Bàbá.”

“Ìwo ẹfọ̀n lo fẹnu kàn. Ṣé ẹfọ̀n ló máa wá bi ọ́ léèrè ni? Ṣí i, kí ẹnu rẹ kan irin.”

Àwọn olùgbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Àjàní fi èékánná fà á, kò ṣí. Ó fi eyín fà á. Ó fi sáàárín orúnkún. Kò ṣí. Òrùka idẹ kan ló wà lọ́rùn ọ̀bẹ náà, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Àfi kó o kọ́kọ́ yí i sápá ọ̀tún kí ojú ọ̀bẹ tó lè jáde. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọsàn ni Àjàní ti fi ọ̀bẹ yìí bó, ṣùgbọ́n ní ṣíṣí ló ń bá a.

Ó ní ó ti dípẹtà ni. Baálé ní kó gbé e fún ìyá mi. Ìyá mi kò wò ó rárá, Àjàní ló ń wò. Ọwọ́ kan ló fi gbà á, ó fi àtàńpàkò yí òrùka náà, ọ̀bẹ náà sì dún, kẹ́rẹ́, ó jáde. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé a ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹjọ́ ti tán, àbí? Kò tíì tán. Baálé gba ọ̀bẹ náà ní ṣíṣí, ó nà án sí Àjàní. Ó ní irin náà rèé, kó parí ìbúra tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ènìyàn á gbé Bíbélì tàbí Kùráànì lọ́wọ́ ní kóòtù, á purọ́, á sì jẹun ọ̀sán. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹnu kan irin lórí irọ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ á ti máa wá pósí. Bí kò bá búra, ó di òpùrọ́ lójú gbogbo ilé. Bó bá búra, ó kú. Òógùn bò ó. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò tíì ju ogójì ọjọ́ lọ tó sin ọmọ kan. Agídí ò jẹ́ kí Àjàní jẹ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ náà sún mọ́ ẹnu.

Ìyá mi dìde tọmọtọmọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú ọ̀bẹ náà mú.

“Adúmáadán, má búra,” ó wí. Orúkọ tó fún un nìyẹn láti ìgbà tó ti wọlé ìyàwó. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó búra. Bàbá kan ti kú mọ́ àwọn ọmọ mi lọ́wọ́. Òun ló kù tí wọ́n lè pè ní bàbá.”

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ẹní. Àpá yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí a fi sin ín. Àjàní dọ̀bálẹ̀ fún un, ọkùnrin fún ìyàwó ilé, ó ní irọ́ lòún pa, ìbínú ni. Baálé ní ọ̀bẹ ti ìyá mi ni, kí ẹnikẹ́ni má sì tún dárúkọ Èrúwà létí òun.

Ẹ gbọ́, Èrúwà náà ni mo wá lọ kàwé. Àwọn kan ń bi wá pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Àjàní ló gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di àpótí mi mọ́ iwájú, ó ń làágùn gun òkè, ó ń bú àwọn tó ń bi í léèrè. Ìyá mi kò bá a yan odì lọ́jọ́ kan. Ó tún ń yá a ní ọ̀bẹ. Ní ṣíṣí.

Irú obìnrin tó bí mi nìyẹn. Ó lè jẹ́ kí Ògún bá Àjàní jà. Ó lè dúró kó máa wò. Nígbà tí mo bá rí bí ẹ ṣe ń fi afidáfíìtì, ìwé ìbúra kóòtù, bá ọmọ ìyá yín jà lórí yàrá méjì, mo máa ń mí kanlẹ̀… Ẹ̀bùn tí ojú kò rí, ìjà ló ń bí. Bàbá mi kò ní ẹ̀bi, ìfẹ́ ló fi fún un. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ìfẹ́ yẹn sọ wá di aláìníyàá.

Kẹ́hìndé, pa fóònù yẹn. Dìde, lọ pe bàbá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wọlé kí wọ́n tó wọ mọ́tò Ìbàdàn. Sọ fún wọn pé kí gbogbo wọn wá jókòó, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí ọ̀bẹ tí mo fẹ́ gbé lé ọ lọ́wọ́.