Àyà Ìbejì Mi Ni Mo Rán Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà

Kí dókítà tó la àyà mi lọ́tunla, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi là á fún yín, ẹ̀yin ọmọ wa àti ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tí ẹ wá kí mi nílé ìwòsàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n parí ná. Èébú náà ṣì máa pọ̀ sí i.

Ẹ mọ̀ pé ìbejì ni wá, èmi àti ẹni tí gbogbo yín ń pè ní Kò-Wúwo. Ojú kan náà, imú kan náà, orí pípá kan náà. Níléeṣẹ́ wa tó ń bá èèyàn kó ẹrù ilé, èmi ni mo ń wa ọkọ̀, òun ló ń gbé ẹrù. Fìlà awakọ̀ tó wà lórí mi nìkan ni ọ̀gá fi ń dá wa mọ̀. Bó bá gbé fìríìjì, á ní, "Kò wúwo." Bó bá gbé kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yàrá, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, á ṣì ní, "Kò wúwo." Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọ̀gá ní dókítà gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo awakọ̀ wò. Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ ńlá bí ẹni ń ṣeré, bí mo bá ti rí abẹ́rẹ́, ọ̀nà àtisá ni mo ń wá. Ni mo bá bọ́ fìlà mi, mo dé e lé ìbejì mi lórí. Mo ní, "Lọ jẹ́ èmi." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ṣé kí n tún máa bá ọ gbé ìyàwó rẹ ni?" Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi lọ. Nígbà tó padà dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó na lẹ́tà kan sí mi, ó ní, "Gba lẹ́tà rẹ."

Mo já lẹ́tà náà nílé. Dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gbọ́ ariwo nínú ọkàn awakọ̀ yìí, pé ó dà bíi pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń pa dé fún ẹ̀jẹ̀ kò pa dé dáadáa, pé kó padà wá kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ọkàn awakọ̀ kẹ̀? Ọkàn Kò-Wúwo ni! Ẹni tó bá láàánú ì bá sáré lọ sọ fún un. Èmi? Mo rò ó pé bó bá lọ gba ìtọ́jú, àṣírí á tú, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo di eyín, mo fẹsẹ̀ ara mi lọ lọ́sẹ̀ kejì. Dókítà mìíràn gbọ́ àyà mi, kò gbọ́ ariwo kankan. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ ló ṣì í gbọ́, ó sì buwọ́ lùwé fún mi. Mo dúpẹ́, mo fa lẹ́tà ya. Ọ̀dájú ni mí.

Ẹ má tíì bú mi. Láti ọjọ́ náà, ìbejì mi kò jẹ́ kí n bá òun fọwọ́ kan ẹrù mọ́. "Fi í sílẹ̀, lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ." Mo sì ń jókòó! Lọ́jọ́ kan, ó ń gbé àga onítìmùtìmù gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin. Ó dúró láàárín ọ̀nà, ó fọwọ́ di àyà mú. Mo rí i. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo pariwo látìsàlẹ̀ pé, "Ṣé ó wúwo ni?" Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kò wúwo." Mo rẹ́rìn-ín, mo padà lọ jókòó. Ẹ lè wá máa bú mi báyìí.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, ẹni tí kò gbé nǹkan kan ló dákú nídìí àtẹ̀gùn. Èmi ni. Dókítà ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn tèmi ti le, kò ṣí dáadáa mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti bí i mọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìbejì yín nìyí? Ó yẹ ká yẹ àwọn náà wò." Kò-Wúwo ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ọsàn fún mi. Bí dókítà ṣe jáde báyìí, mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Ó ní, "Ọkàn mi ni? Kì í ṣe tìẹ?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín débi tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ó ní, "Dókítà ìjọ́sí sọ fún mi! Fáìlì rẹ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, orúkọ rẹ ló sì ń pè. Mo ní ohun tí wọ́n ti rí lára rẹ tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí o gba lẹ́tà tí o kò sọ nǹkan, mo ní ẹ̀rù ti dí ọ lẹ́nu. Ni mo bá ní kí n kúkú máa gbé gbogbo ẹrù, kí ìwọ má baà kú."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mo ń pa díẹ̀díẹ̀ ló rò pé òun ń gbà mí là.

Mo ní, "Dárí jì mí." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó ní, "Èyí wúwo o." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn láyé, ó sì dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló ki ọsàn bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Jẹun. A ó jọ gbé e."

Wọ́n yẹ òun náà wò, tirẹ̀ ló le jù, wọ́n sì ti tún ọkàn rẹ̀ ṣe lóṣù tó kọjá. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ òfo ni ṣá. Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín nìyí lórí tábìlì. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi àyà ara yín lọ bá dókítà, bí ẹ bá sì gbọ́ ohun tó kan ẹlòmíràn, ẹ sáré sọ fún un. Nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ti gbọ́ ìtàn wa: lánàá tí Kò-Wúwo wá kí mi, wọ́n ní kó ṣí bọ́tìnnì kí àwọn rí àpá iṣẹ́ abẹ rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé òun ni mo tún fẹ́ rán wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Lọ́tunla, òun ló máa bá mi di fìlà mú lẹ́nu ọ̀nà. Èmi fúnra mi ni mò ń wọlé.