Koríko Tútù Tí Mo Tà fún Ọlọ́wàrà

Dókítà bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rò pé mo ti sùn. Ó ní ọkàn mi kò ní bá oṣù yìí parí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò gbọ́dọ̀ gbé wọlẹ̀, ìwọ ọmọ Ọlọ́wàrà, ìwọ ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ àká yín tó jó ni. Kà á dópin kí o tó bínú.

Ọ̀dá àkọ́kọ́ ló fà á, nígbà tí o ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kànga mi gbẹ. Ti bàbá rẹ kò gbẹ. Mo da màlúù mi mẹ́fà lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n mu omi. Àwọn èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n ń ra wàrà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi mi kò tó tèmi. Ẹ tutọ́ sí korobá, kí ẹ gbé e fún wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kú láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo jáwọ́ nínú màlúù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta koríko gbígbẹ. Àwọn èèyàn ní mo ti gbàgbé. Mo ń dúró de ọ̀dá mìíràn ni.

Ọdún mẹ́tàlá kọjá kó tó dé. Rédíò ń sọ láràárọ̀ pé òjò kò tíì sí lọ́nà. Pápá di erùpẹ̀. Ẹni tó ní koríko kò fẹ́ tà, ẹni tí kò ní ń wá a kiri. Láàárín oṣù méjì, iye ìdì kan di ìlọ́po mẹ́ta. Ní ìhà odò kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ á jẹ gbogbo ohun tí èèyàn bá rí dín. Àwọn mìíràn ń ta màlúù wọn ní ọ̀pọ̀ kí ebi tó pa wọ́n. Àká mi kún. Gbogbo ẹni tó wá ni mo tà fún. Bàbá rẹ nìkan ni kò wá. Mo ní sùúrù.

Òjò kan ṣoṣo rọ̀ lọ́dún náà, kò ju wákàtí kan lọ, ó sì bá koríko tí mo gé sílẹ̀ ní pápá ìsàlẹ̀. Ìkánjú ọjà kò jẹ́ kí n sá a tó. Mo dì í bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ tutù. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé irú ìdì bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná láti inú. Bí wọ́n bá tò ó jọ nínú àká, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Mo kó ọgọ́rin irú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fẹ́ tú wọn sá. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni bàbá rẹ dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ojú mi kò dùn ún wò. Màlúù mi kò tíì jẹun láti ìjẹta. Ìyá àwọn ọmọ ní bí n kò bá wá, òun á wá fúnra òun." Mo ní, "Mélòó lo fẹ́?" Ó ní, "Iye tí ẹ bá lè fún mi ni." Mo mú un lọ sídìí ọgọ́rin yẹn. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó ti ọwọ́ bọ inú ìdì kan, bí gbogbo olùrà ṣe máa ń ṣe, láti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ gbóná. Mo ní, "Ó gbẹ." Nínú iṣẹ́ wa, bí ẹni tó ni koríko bá ti sọ pé ó gbẹ, ẹni tó bá tún ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ ti pè é lópùrọ́ lójúkojú. Ọwọ́ bàbá rẹ kò tíì wọlé kọjá ọrùn ọwọ́. Ó wò mí. Ó fà á yọ. Kò fẹ́ bú mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo mọ̀ pé yóò fà á yọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn.

Awakọ̀ mi, tí a ń pè ní Wéréwéré nítorí pé kì í sáré, ló kó wọn sínú ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìdì yìí wúwo. Ṣé omi lẹ dì ni?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà wakọ̀." Ó wò mí títí. Ó ní, "Màá wà á. Màá sì rọra wà á, kí ẹ lè ráyè pè mí padà." N kò pè é. Òun náà ti kú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kẹtàlélógún tó kó wọn lọ, ní ọ̀sán gangan, èéfín sọ lọ́dọ̀ yín. Mo gbé àga síwájú ilé, mo ń wò ó. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo jẹun, mo tún bù sí i. Màlúù mọ́kànlélógún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká náà. Mo gbọ́ igbe wọn títí wọ́n fi kú. Tèmi jẹ́ mẹ́fà péré, n kò sì rò ó pé ẹ̀san náà pọ̀ jù. Ẹni ibi ni mí.

Wọ́n ní sìgá bàbá rẹ ló fà á, torí pé ó mu ún nítòsí àká láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ kó jáde nílé. Mo gbọ́ ohun tí ìwọ náà sọ fún un lójú pópó: "Bàbá, ẹ ti fi sìgá sun ayé wa." Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Mo lè la ẹnu. Mo ra okùn bàtà, mo lọ sílé.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní ọdún tó ṣáájú ikú bàbá rẹ, ó wá sílé mi. Ó ti rù. Ó ní òun kò ní jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ omi yẹn ló ń bá mi jà. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run sì fi ọwọ́ ara mi san án fún mi. Ẹ dárí jì mí." Mo ní, "Mo dárí jì ọ́." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo jẹ́ kó dúpẹ́ tẹ́rùn. Mo gbádùn ọpẹ́ yẹn ju iná àká náà lọ. Ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ ni mo jókòó tí mo ń dárí jì.

Mo gbọ́ pé o kò tíì dé ibi tí wọ́n sin ín sí rí. Lọ. Mú ìyá rẹ dání bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì gbé e. Ẹ sọ fún bàbá rẹ níbẹ̀ pé kì í ṣe òun ló fa iná náà. Mo ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Bí o bá bọ̀ tí mo ṣì wà, tí o fẹ́ wá bú mi, ilẹ̀kùn mi kò ní wà ní títì. Bí mo bá ti lọ, ka ìwé yìí sókè lọ́jà koríko, kí gbogbo ẹni tó pe bàbá rẹ ní aláìbìkítà gbọ́. N kò ní sí níbẹ̀ láti jiyàn.