Ta Ló Ní Kí Wọ́n Wọn Sàréè Merle?

Àwọn ọkùnrin méjì tí mo bá lórí sàréè Merle láàárọ̀ yìí, tí wọ́n ń fi tépù wọn gígùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kan ilẹ̀kùn, ta ló rán wọn wá? Nevili, ìwọ ni mò ń bá wí! Má wojú fèrèsé. Wò mí! Èmi Vilimaina, tí mo fi ọdún mẹ́fà jù ọ́ lọ, mo ká ewé kókò pé kí n lọ fi àgbọn sè é fún ọ, mo ní kí n gba ọ̀nà ibojì kọjá kí n kí ọ̀rẹ́ mi, àfi bí mo ṣe bá àjèjì tó gbé bàtà lé aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ sórí rẹ̀. Mo ní kí lẹ ń wá? Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló kọ̀wé pé kí àwọn wá wò ó bóyá ó ṣeé hú. Ó ṣeé hú! Merle! Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ iṣu!

O kàn ní kí wọ́n wò ó ni? Ẹni tó kàn ní kí wọ́n wò ó, ṣé òun náà ló di àpótí mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà yìí, tó fi okùn yí wọn ká? Àwọn ìkòkò Merle dà? Àga tó máa ń jókòó sí wo òkun dà? Háà! Àwa tá à ń gun òkè wá kí ọ láràárọ̀, a ò mọ̀ pé ò ń palẹ̀ mọ́. Ojú wa rèé, ìmú wa rèé, o sì ń palẹ̀ mọ́!

Jókòó, mi ò tíì parí. Ọdún kẹta rèé tí Merle kú. Nígbà tí àìsàn àyà gbé e dè, ta ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé ilé ìwòsàn Savusavu nínú òjò? Àwọn ọmọ ilé mi ni. Nígbà tí bàálù tó yẹ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Suva ò lè balẹ̀ torí ìjì, apá ta ló kú sí? Apá mi ni, kì í ṣe tìrẹ, ìwọ wà níta, ò ń pariwo mọ́ fóònù. O wá jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tí ò ní ìyá, o ní o ò mọ ibi tí wàá sin ín sí. Ilẹ̀ tí ilé rẹ wà, ẹ yá a ni, ilẹ̀ àyálò ò sì gba òkú. Ta ló dìde? Àwa ni! Láti ayé baba baba mi, a ò sin àlejò sí ibojì ìdílé wa rí. A sọ Merle di ọmọ wa, a ká a mọ́ ẹní, a fi aṣọ dì í, èmi yìí ò fi ẹnu kan ẹja títí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ọ̀fọ̀ fi pé. Èmi tí mo fẹ́ràn ẹja ju ẹran lọ!

Ọjọ́ yẹn ni Semisi, agbẹnusọ baálẹ̀ wa, gbé eyín àbùùbùtán wá síwájú rẹ. Ó lósòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ń sọ̀rọ̀, èmi sì jókòó tì ọ́, mò ń yí i sí èdè yín sí ọ létí, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní: “A ti gba ìyàwó rẹ. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí o má fi í sílẹ̀ fún wa kí o wá bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀.” Ẹni tí kò bá fẹ́ ohun tí wọ́n tọrọ kì í fọwọ́ kan eyín yẹn. Ọmọdé ibí mọ̀ ọ́n! Mo tiẹ̀ sọ ọ́ sí ọ létí pé rọra, Nevili, ronú ná. O nawọ́ méjèèjì, o gbà á, o gbá a mọ́ àyà, omijé ń bọ́ lójú rẹ, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo fi Bíbélì búra, bó ṣe rí nìyẹn.

Kí lo wí? O rò pé ètò lásán ni? O rò pé wọ́n fi ń bá ọ kẹ́dùn ni? Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín! Abájọ tó o fi gbé e kọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹṣin tó ń sáré. Mò ń rí i níbẹ̀, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé kò burú, ó mọ ohun tó gbà.

Ẹ̀yin ará Ọsirélíà tẹ́ ẹ kọ́lé sórí òkè yìí, ọ̀kan náà ni gbogbo yín. Bí òtútù bá ti wọ yín léegun tán, tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ ó ní Fíjì dára, oòrùn ibẹ̀ dùn, oúnjẹ ibẹ̀ ò wọ́n, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Bí ara ò bá wá le mọ́, ẹ ó ní ilé yá. Trevor lọ. Tọkọtaya tó ní ajá funfun lọ, wọ́n fi ajá sílẹ̀, àwa là ń bọ́ ọ. Ṣé o rí i kí n bú ẹnikẹ́ni nínú wọn? Wọn ò bá wa jẹ, wọn ò bá wa mu, kí wọ́n máa lọ. Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí ìjì ká òrùlé rẹ lọ, ilé ta lo sùn fún oṣù méjì? Ò ń bá àwọn àbúrò mi mu yaqona, omi gbòǹgbò ilẹ̀ wa, títí ahọ́n rẹ fi ń kú, ò ń bú wọn, wọ́n ń bú ọ. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo gbọ́. Ṣebí ẹnu ara rẹ lo fi sọ pé ibí nilé!

Torí o ò fẹ́ kó dá wà lo fi fẹ́ hú u? Ta ló dá wà? Ìyá mi wà lẹ́bàá rẹ̀, àbúrò mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Merle fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, níbi tá a ti ń ṣa ìkarawun, pé òun ò fẹ́ fojú kan òtútù Bendigo ìlú yín mọ́ láéláé. Ṣé ẹrù ni, tí wàá fi máa gbé e kiri?

Kí lèyí? Lẹ́tà kí ni? Mi ò mú awò mi wá, ìwọ kà á.

Dúró. Tún ibẹ̀ kà.

Kíndìnrín? Méjèèjì? Láti ìgbà wo? Láti Kérésìmesì! Ẹ̀rọ tí yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, láìgbọdọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ, a sì wà létí òkun níbí tá à ń wo ojú ọ̀run ká tó wọ ọkọ̀. Hẹn. Ìyẹn ló fà á tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wú! Èmi rò pé iyọ̀ ni, mò ń dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, o sì ń wò mí níran! Òpònú àgbàlagbà!

Inú wá ń bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. O rò pé a ó dè ọ́ mọ́lẹ̀ kí o kú? Irú èèyàn wo lo rò pé a jẹ́ láti ọjọ́ yìí? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá yí mọ́ lọ́wọ́, á wá síwájú àwọn àgbà, á jókòó, á sọ ọ́, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Kò sí àgbà kan níbí tí yóò gbọ́ kíndìnrín tí yóò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n kí o máa gba ẹ̀yìnkùlé, kí o rán àjèjì wọ ibojì wa, kí o fẹ́ jí òkú tá a fi ọwọ́ ara wa sin! Ìyẹn ló dùn mí, Nevili. Ó dùn mí wọra.

Gbọ́, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wàá lọ. Lọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí o sì pẹ́ láyé. Merle ò ní kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ tó bá gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, kó rọ, ìbáà ṣe ọwọ́ rẹ! Kí o sì sọ fún Leanne ọmọ rẹ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, pé bí ọjọ́ rẹ bá pé, ibí ni kó gbé ọ padà wá. Àyè kẹ̀? Àyè wà. Apá òsì Merle, lábẹ́ máńgòrò yẹn. Ibẹ̀ ni mo tọrọ lọ́wọ́ ìdílé mi fún ara mi, wọ́n sì ti fún mi, torí mo fẹ́ sùn ti ọ̀rẹ́ mi. Gbà á. Mo ní gbà á! Kò sí ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Èmi á wá ibòmíràn sùn.

Dìde, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Semisi wà nílé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ báyìí, kí àwọn àgbà lè tú ọ sílẹ̀. Má nu omijé yẹn nù o, jẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀.