Mo Rán An Lọ sí Elégbèka Kó Lè Já Kulẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ rere tí kò tọ́ sí mi ni wọ́n fi ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe gbọ́n tó níwájú àwọn èèyàn. N kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, olùkọ́ yunifásítì. Àwọn tó ń kàwé fún oyè kejì ni mò ń kọ́. A máa ń rán wọn lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìgbèríko, kí wọ́n bá àwọn tíṣà tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tóyìn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣàlàyé lọ rẹrẹ, ó nawọ́ sókè: "Ẹ má bínú o, mà. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké rí?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Háà! N kò kọ́ wọn rí, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí.

Mo bá rán an lọ sí ilé-ìwé kan ní Elégbèka. Mo mọ̀ pé lásìkò iṣẹ́ oko, àwọn òbí ibẹ̀ máa ń kó ọmọ lọ sóko, tíṣà á wá máa bá bẹ́ǹṣì sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó já kulẹ̀, kó padà wá bẹ̀ mí. Nígbà tó ń pè mí fún ìmọ̀ràn, n kò gbé fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìkà ni.

Kí ni Tóyìn ṣe? Ó bẹ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ọmọ ilé-ìwé ìjọba tó bá ń wá sí kíláàsì déédéé máa ka ìfilọ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ àgbẹ̀ kan ló kọ́kọ́ kà á. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ sunkún, ó sì jó dé iwájú pẹpẹ. Ìyá wo ló tún fẹ́ kí tirẹ̀ gbẹ́yìn? "Ìgbà wo ló máa kan ọmọ tèmi?" Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ní àwọn ò gbà o, kí tiwọn náà máa ka ìkéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Oko wá ń dúró de ilé-ìwé! Kíláàsì kún fọ́fọ́, àwọn ọmọ ń kàwé geere. Àwọn ará ìlú Ìdógùn gbọ́, àwọn náà gbà á ṣe.

Níbi àjọyọ̀ tí wọ́n fi yẹ́ Tóyìn sí ní ìlú Ìfọ̀n, ó fà mí síwájú, ó kúnlẹ̀: "Màmá mi nìyí. Torí wọ́n mọ̀ pé mo lè ṣe é ni wọ́n fi rán mi síbi tó le jù. Wọn ò gbé fóònù mi, kí n lè dá dúró ni." Àtẹ́wọ́ sọ. Èmi aláìnítìjú, mo jó! Ká sòótọ́, inú mi dùn dénú, torí ayọ̀ àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe irọ́.

Ní báyìí, Tóyìn ti di olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Òun ló ní kí n wá sọ bí mo ṣe máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ tó lágbára mọ̀. Ó tún ti sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe máa gbé ìpè akẹ́kọ̀ọ́, pé ọgbọ́n Màmá ni. Ẹ gbà mí!

Bí mo bá sọ òótọ́, mo lè pàdánù ọmọ tó ń pè mí ní ìyá. Bí mo bá dákẹ́, àwọn ọmọ ọlọ́mọ á máa pè, kò ní sí ẹni tó máa dá wọn lóhùn. Mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n pè é sí kọ̀rọ̀ ni, àbí ojú gbogbo èèyàn ni kí èmi àgbà ti kúnlẹ̀ fún un?