Páànù Kékeré Tí Mo Yọ Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ràímì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ti dàgbà, ìwé kíláàsì kẹrin ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé rán ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi, Ràímì ará Ìlọrin, kú lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, a sì sin ín síbí ní Sókótó. Ó kú pẹ̀lú èrò pé òun kò mọ iṣẹ́ òun. Irọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún un.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí n bá òun gé iṣẹ́ baba rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn.

Nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè Kofar Kware ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Èmi ń ká páànù, mo sì ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀. Ràímì ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Garba, ọmọ Sókótó, ló ń bá wa jó irin pọ̀. Sìkírátù, ìyàwó Ràímì, á gbé fùrá wá fún wa lọ́sàn-án. Ràímì á ní kí n má mu ún tán, pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í rántí ẹni tó wà lẹ́yìn. Èmi á ní ará Ìlọrin ló kọ́kọ́ dé ìdí igbá. Garba á máa fi àwa Yorùbá rẹ́rìn-ín: "Kai, Yarabawa!" Oòrùn ìgbà yẹn mú o, àmọ́ mi ò rántí rẹ̀ bí ìyà.

Lẹ́yìn ìkórè, àwọn èèyàn máa ń fi ọkọ̀ ìjàpá sáré ìje ní pápá gbalasa kan lọ́nà Wamakko. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ̀ ìjàpá, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kì í sì í lo omi. Afẹ́fẹ́ ni fáànù ń fẹ́ sí i kó má baà gbóná jù. Tí wọ́n bá fi sáré ìje nínú oòrùn Sókótó, afẹ́fẹ́ yẹn kì í tó. Ràímì wá ní òun máa la ọ̀nà mìíràn fún afẹ́fẹ́, kó lè dé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, pàápàá ojú kẹta, tó máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ.

Páálí la kọ́kọ́ fi gé e. Ràímì á di páálí náà mọ́ ẹ́ńjìnnì, á tan tùràrí ìyàwó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, á wá nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ láti wo ibi tí èéfín ń gbà jáde. Sìkírátù pariwo títí.

"Bàbá Kàmọ́rù, ṣé ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ṣaya ni, tí ẹ fi ń sun tùràrí fún un?"

Ràímì dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀: "Ìyáálé nìwọ, má bẹ̀rù."

Ibi tí èéfín bá ti sá lọ, a ó tún páálí gé. Nígbà tí èéfín wá gba ibi tó fẹ́, mo fi páànù ṣe é. Ọwọ́ mi kún fún ọgbẹ́.

Páànù kékeré kan wà tó ní kí n fi sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ ojú kẹta yẹn. Mo bá a jiyàn. Mo ní, "Ràímì, o fẹ́ kó tutù, o tún ń dí i?" Ó ní, "Lásísì, afẹ́fẹ́ dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Bí o ò bá dí ọ̀nà ibi eré mọ́ ọn, kò ní jíṣẹ́." Òótọ́ ló sọ. Tí páànù yẹn ò bá sí níbẹ̀, ńṣe ni afẹ́fẹ́ á kàn já sílẹ̀, kò ní yí ẹ̀yìn irin náà ká.

Nígbà tí ìje ku ọ̀la, Alájì tó ni ọkọ̀ ìjàpá tí à ń ṣe náà, ọmọ ìlú Ràímì, kó àwọn èèyàn wá wò ó. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ràímì ní òun ni. Alájì nawọ́ sí mi: "Eléyìí ńkọ́?"

Ràímì rẹ́rìn-ín. "Lásísì? Ó kàn ń bá mi ká páànù ni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ara rẹ̀, garawa ìpọnmi ló máa fi páànù náà ṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Irú àwàdà tí a máa ń bá ara wa ṣe ni. Àmọ́ níṣojú àwọn èèyàn yẹn, ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ ìje, mo ní mo fẹ́ fún nọ́ọ̀tì le. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo yọ páànù kékeré náà, mo jù ú sáàárín àwọn àlòkù irin Garba. Mo kàn fẹ́ kí ọkọ̀ gbóná díẹ̀, kó má ṣe ipò kìíní, kí ẹnu Ràímì rọ̀. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà ló ṣíwájú. Àwọn èèyàn ń hó. Lẹ́yìn náà, a gbóòórùn irin tó ń jóná. Ẹ́ńjìnnì náà gan pa síbẹ̀, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

Nígbà tí a fà á dé ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo tètè wọ abẹ́ rẹ̀ láti tú u. Ràímì dúró lórí mi. Ó ní, "Lásísì, ṣé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó pé."

Ọ̀rọ̀ yẹn burú ju páànù tí mo yọ lọ. Nígbà tí mo jáde, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Iṣẹ́ tìrẹ dára. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣírò." Ẹ gbọ́ o, ó ń tù mí nínú!

Mo di páànù tí a ṣe náà sínú àpò, Ràímì ò sì tú u wò rí. Láti ọjọ́ náà, kò ṣe ẹ́ńjìnnì mọ́. Ògbólógbòó táyà ló ń tà títí tó fi kú. Nígbà mìíràn tí a bá jókòó, á fi ìka ya ọ̀nà afẹ́fẹ́ sínú yanrìn, á wò ó, á sì pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, á padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kàmọ́rù pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé wọn ní Arkilla. Ó ń tún ọkọ̀ ìjàpá kan ṣe fún ìje. Ó ti gbé páànù tí baba rẹ̀ àti èmi ṣe jáde nínú àpò tí mo dì í sí. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí Bàbá wa ti ṣì í. Abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bá mi gé e, ká fi ṣe òmíràn."

Sìkírátù wà níbẹ̀ nínú aṣọ opó. Ó ní, "Bàbá yín náà mọ̀ pé òun ṣì í. Ó máa ń sọ ọ́."

Mo purọ́ pé ojú ń dùn mí. Kàmọ́rù ní kò burú, pé tí a bá ti kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó gé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí Àwáwù ìyàwó mi ti kú, ilé Ràímì ni mo ti ń jẹun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fọ aṣọ mi. Tí mo bá sọ ọ́, bóyá mi ò ní ibẹ̀ mọ́. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọwọ́ mi yìí náà ni màá fi gé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ rẹ̀ á sì máa pe baba rẹ̀ ní aláìmọ̀ títí ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Kàmọ́rù nìkan ni kí n sọ fún, àbí kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í? Mo mọ̀ pé màá sọ ọ́ kí Jímọ̀ tó pé. Ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Ẹ bá mi wá gbólóhùn àkọ́kọ́. Ìyókù, màá fẹnu ara mi sọ ọ́.