Bọ́ọ̀lù Ọjọ́ Jímọ̀ Tó Ba Bàbá Múlí Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ọkùnrin kan fi Kùránì búra. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbà pé irọ́ ló pa. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà wò mí lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Mi ò sì lè sọ̀rọ̀ níwájú èrò, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ń gbé ní àdúgbò Ẹnu Ọ̀wá. Bọ̀dá Gàníù ni mo ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wa, ibẹ̀ ló ti ń ta ohun tí èèyàn fi ń gbá gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ta aṣọ funfun tó nípọn sára ògiri, wọ́n á tan àwòrán pápá sí i lára, wọ́n á wá gbá bọ́ọ̀lù lu aṣọ náà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ á wà nílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Òun ló máa sọ lórí fóònù ibi tí bọ́ọ̀lù náà ì bá balẹ̀ sí, ká ní ìta gbangba ni. Ti àwọn olówó ńlá wọ́n gan-an. Èyí tí apá àwọn lọ́yà àti akọ̀wé ilé ẹjọ́ Igbóṣeré ká ni Bọ̀dá ń wá.

Bàbá Múlí ló bá a rí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ó ń ta àlòkù létí ọjà Jáńkárà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í ta ohun tí kò bá tíì dán wò.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n ṣa bọ́ọ̀lù. N kì í sọ̀rọ̀, mo kàn máa ń wò. Mo wo bí àwọn oníbàárà ṣe ń yí ìbàdí, bí wọ́n ṣe ń fún ọ̀pá mọ́wọ́ jù. Nígbà tó yá, mo ti ń mọ ẹni tó máa ṣì í gbá kó tó gbé ọ̀pá sókè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn ọkùnrin bá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, màá ti ilẹ̀kùn, màá so híjáàbù mi sẹ́yìn, màá mú ọ̀pá. Bọ̀dá ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọjà. Mo fọwọ́ kàn án. Ká sọ òótọ́, ìyẹn ò dùn mí. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí. Bí èèyàn bá gbá a dáadáa, ọwọ́ kì í mọ̀ pé òun gbá nǹkan. Aṣọ á kàn dún gbàù! Ẹ̀rọ á sì sọ iye yáàdì tí bọ́ọ̀lù ì bá lọ. Kò pẹ́ tí tèmi fi kọjá ti Bọ̀dá, tó kọjá ti gbogbo ọkùnrin tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò tíì mọ ohun kan ṣe ju ẹlòmíràn lọ rí láyé mi. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé bí mo bá ti pa ẹ̀rọ, ohun tó kà ti lọ nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé fóònù ṣọ́ọ̀bù ń tọ́jú gbogbo rẹ̀, tọjọ́ taago.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá ń fi ẹ̀rọ náà han lọ́yà kan tó fẹ́ rà á. Ló bá rí bọ́ọ̀lù mi lójú fóònù.

"Ta ló gbá eléyìí? Lọ́jọ́ Jímọ̀? Nígbà tí a wà lórí ìrun?"

Lọ́yà wo iye yáàdì náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Gàníù, ẹ̀rọ yín ń lálàá ọ̀sán." Ó jáde lọ.

Bọ̀dá kọjú sí mi. "Ṣé ẹnikẹ́ni wọlé síbí?"

Mo ní rárá. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò wọlé. Kò sì bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ta ni ì bá rò pé èmi ni?

Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó di Jáńkárà. Mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá Múlí, ẹ̀rọ onírọ́ lẹ tà fún mi! Ó ń ka bọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni ò gbá!"

"Gàníù, ẹ̀rọ kì í ka ohun tí kò rí. Lọ bi àwọn ará ilé rẹ."

"Ará ilé mi wo? Àbí àǹjọ̀nnú?"

"Bí àǹjọ̀nnú ilé rẹ bá mọ gọ́ọ̀fù gbá tó báyìí, ní kó kọ́ ìwọ náà!"

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí Bọ̀dá nínú jù. Ọ̀rọ̀ dé iwájú Àlàájà àgbà, ẹni tó dàgbà jù ní agboolé wa. Bí ìjà bá ti le tó báyìí lọ́dọ̀ wa, Kùránì ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Bàbá Múlí ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní bí ẹ̀rọ tí òun tà bá ń purọ́, kí Kùránì mú òun.

Kò pẹ́ sí i, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn onípákó ilé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro: "Kùránì ti mú un."

Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ kí i. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń ṣàdúrà fún mi, ó ní orúkọ mi ò ní bàjẹ́. Mo ní àmín. Mo gbé abọ́, mo padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ẹ̀rù Bọ̀dá ń bà mí. Àwọn oníbàárà Bàbá Múlí sì ń pẹ̀yìn dà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó búra èké.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá ra ẹ̀rọ tuntun. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni obìnrin lọ́yà kan yọjú lójú fèrèsé, ó bá mi nídìí rẹ̀. Kò pariwo. Ó dúró títí Bọ̀dá fi dé, ó ní, "Ṣé irú ẹni báyìí wà nílé yín, ẹ wá ń fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́?" Ó ní òun máa mú mi lọ gbá a lórí pápá gidi.

Bọ̀dá gbàgbé ìkìlọ̀ rẹ̀. Ó rò pé ẹ̀rọ tuntun ni mo fi kọ́ ọ. Ní báyìí, ó ń pe èèyàn wá wò mí: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni o! Ẹ̀jẹ̀ wa ni!" Èmi tí mi ò lè kí èèyàn kó dún sókè, mo ń gbá a níwájú wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín, orí mi ń wú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Múlí tiro dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Mo gbá. Aṣọ dún. Ó wo iye tó jáde. Irú iye tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é ní onírọ́ ni. Ó wò mí. Ó ní, "Káre, ọmọ mi." Ó yí padà, ó lọ.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lánàá, mo tan ẹ̀rọ náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, mo gbá bọ́ọ̀lù kan. Ohun kan náà làwọn méjèèjì sọ. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín.

Mo fẹ́ gbé méjèèjì lọ síwájú Àlàájà àgbà, níbi tí wọ́n ti búra, kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pé jọ, kí Bàbá Múlí jókòó. Ojú máa ti Bọ̀dá. Ó lè dá mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi, kí n má fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́ láé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣùgbọ́n tèmi ni bọ́ọ̀lù yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní irọ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn máa jìyà rẹ̀.

Bàbá Múlí, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí fún yín, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi níwájú èrò. Ọwọ́ mi ló ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tí wọ́n bá pé jọ tán, ṣé kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù?